Ewédú mi kò hù, hóró rẹ̀ sì wà nínú ilẹ̀ bí mo ṣe fọ́n ọn

Àdùkẹ́ Alákùrọ̀ (Àpẹtẹ̀, Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ìbéèrè kan ló gbé mi wá, ẹ jọ̀ọ́.

Mo ń dá àkùrọ̀ kékeré kan létí odò ní Àpẹtẹ̀ níbí. Ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ilá ni mo máa ń gbìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo sì fẹ́ fi ata rodo kún un lọ́dún yìí. Ewédú ló kó ìdààmú bá mi. Irú ewédú tí à ń pè ní oníyaayá ni, èmi fúnra mi ni mo gba irúgbìn rẹ̀ lára èyí tí mo fi sílẹ̀ títí tó fi gbó tó sì gbẹ lórí igi. Mo sá a, mo lù ú, mo fẹ́ ẹ, ó mọ́ tónítóní. Mo fọ́n ọn sórí ebè, mo ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Tẹ̀tẹ̀ tí mo fọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà ti bo ilẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ti ewédú, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún.

Mo wá fi ìka tú ilẹ̀ wò. Hóró rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò jẹrà, eèrà kò kó o, kò tilẹ̀ wú. Mo fi eyín tẹ ọ̀kan, ó le bí mo ṣe tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò.

Ìmọ̀ràn tí mo ń gbọ́ ta kora. Ẹnì kan ní kí n sè é. Ẹnì kan ní kí n rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Ọkùnrin kan tó ń ta oògùn oko ní kí n ra oògùn pupa tí wọ́n ń pò mọ́ àgbàdo, pé gbogbo irúgbìn ló wà fún. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn? Ṣé ohun tí mo bá ṣe sí ewédú náà ni mo máa ṣe sí ilá àti ata? Irúgbìn tó kù lọ́wọ́ mi kò tó agolo mílíkì kan, mi ò sì fẹ́ kó ṣòfò.

Bàbá Ìbejì (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ kú iṣẹ́, Àdùkẹ́. Omi gbígbóná ni ewédú ń fẹ́. Ìyá mi kì í gbìn ín láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, inú aṣọ ló sì máa ń dì í sí. Ti ilá, rírẹ mọ́jú ti tó. Ọ̀rọ̀ ata kì í ṣe tèmi, ẹ jẹ́ ká dúró de àwọn tó ń gbìn ín tà.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (Mọ́níyà, Ìbàdàn)

Àdùkẹ́ ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o, oko á sàn ọ́. Inú mi dùn pé o fi ìka tú ilẹ̀ kí o tó wá béèrè. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá bá mi nítorí irúgbìn nìyẹn: wá hóró náà rí ná, kí o tó wá oògùn. Ohun tó ń dí irúgbìn lọ́wọ́ kì í ṣe ẹyọ kan. Bí o bá tú ilẹ̀ tí o bá a ní líle gbagidi, tí kò wú, èèpo rẹ̀ ni kò jẹ́ kí omi wọlé. Bí o bá bá a tó ti wú, tó rọ̀, tó ń rùn, ó ti kú kí o tó gbìn ín ni, tàbí kí omi ti pọ̀ jù fún un. Bí o kò bá bá nǹkan kan rárá, eèrà, ẹyẹ tàbí àgbàrá ló kó o lọ. Bó bá sì ti yọ tán tó wá ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín níbi tó ti kan ilẹ̀, àrùn inú ilẹ̀ ni, èyí tó máa ń mú àwọn tó bá ki jù lórí ebè tí kì í gbẹ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ìtọ́jú wọn kò bára mu. Mo ń rí i ní ọjà Ṣáṣá bí àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ ṣe ń náwó sí oògùn tí kò kan ohun tó ń ṣe irúgbìn wọn, ó sì ń dùn mí.

Tìrẹ ti hàn kedere. Èèpo ni. Ìwà ewédú nìyẹn, pàápàá èyí tó gbó dáadáa tó sì gbẹ lórí igi. Ó pa ara rẹ̀ dé kó má baà hù nígbà tí ilẹ̀ kò tíì gbà á. O lè bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́, omi kò ní wọ̀ ọ́. Ẹni tó ní kí o rẹ ẹ́ mọ́jú, ọ̀rọ̀ ilá ló ń sọ, omi tútù kò ní mú ewédú. Ẹni tó ní kí o sè é súnmọ́ òtítọ́, àmọ́ sísè kọ́ o. Bí o bá sè é, o pa á.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí. Mo á gbé omi kaná nínú ìkòkò, kò ní kún. Kó tó hó, mo á ti wá aṣọ tó fẹ́lẹ́, irú èyí tí a fi ń sẹ́ ògì dára gan-an. Mo á bu irúgbìn sí i, kò ní ju ìkúnwọ́ kan lọ, mo á so ẹnu aṣọ náà kó dẹ̀, kí àwọn hóró lè ráàyè yí nínú rẹ̀. Àwọn kan a máa di ìdì ńlá. Kò dára bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ á bó, ooru kò sì ní dé ti àárín. Mo á bu omi tútù sínú abọ́ kan, mo á gbé e sítòsí. Bí omi orí iná bá ti hó yaya, mo á sọ ìkòkò kalẹ̀, mo á ri ìdì náà bọ inú rẹ̀, mo á wá máa kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀wá. Bó ti di ẹ̀wá, mo á fà á yọ, ó di inú omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má pè mí nígbà yẹn, n kò ní dáhùn. Lẹ́yìn náà ni mo á tú u sórí atẹ, mo á tẹ́ ẹ sí ibòji títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ, tí hóró kan kò ní lẹ̀ mọ́ èkejì mọ́. Ibòji ni mo wí o, kì í ṣe oòrùn.

Èyí tí mo bá ti rì bọ omi gbígbóná, mo máa ń gbìn ín lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. N kì í dá a padà sínú ìgò. Èèpo rẹ̀ ti ṣí, ọ̀rinrin lè wọ̀ ọ́, kò ṣeé tọ́jú pẹ́ mọ́. Nítorí náà, ìwọ̀n tí ebè rẹ máa gbà nìkan ni kí o bu.

Bí ẹ̀rù omi gbígbóná bá ń bà ọ́, yanrìn wà. Bu yanrìn odò tó gbẹ tó sì mú, pò ó mọ́ irúgbìn, kí o fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbo ó títí ojú èèpo rẹ̀ á fi họ. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í dọ́gba: àwọn kan á họ jù, àwọn kan kò ní họ rárá. Omi ni mo fara mọ́.

Má kó gbogbo irúgbìn rẹ sí i lẹ́ẹ̀kan náà ṣá. Ka hóró 50 lára èyí tí o ti rì bọ omi, ka 50 lára èyí tí o kò ṣe nǹkan kan sí. Wé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú aṣọ tútù tàbí tíṣù, kó wọn sínú ike tó ní ìdérí, kí o gbé wọn síbi tó móoru nínú ilé. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ṣí wọn, kí o kà wọ́n. Bí èyí tí o tọ́jú bá hù tó 40, lọ fọ́n ọn, ọkàn rẹ balẹ̀. Bí kò bá tó 25, hóró náà fúnra rẹ̀ ni kò dára mọ́, omi kò lè jí èyí tó ti kú. Nígbà náà, wá irúgbìn mìíràn.

Ó yá, ilá. Èèpo tirẹ̀ náà le, àmọ́ kò dí omi tó ti ewédú. Rẹ ẹ́ sómi tútù nírọ̀lẹ́, kí o gbìn ín láàárọ̀, wákàtí 12 tàbí kó lé díẹ̀. Má jẹ́ kó kọjá wákàtí 24 nínú omi. Hóró ń mí. Bó bá pẹ́ jù lábẹ́ omi, afẹ́fẹ́ kò ní tó o, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn níbí: irúgbìn tó bá ti mumi kò lè dúró dè ọ́. Bí o bá gbìn ín sí ilẹ̀ gbígbẹ tí o kò sì bomi rin ín, ilẹ̀ á fa omi náà padà lára rẹ̀, ọmọ tó ti ń jí nínú rẹ̀ á kú. Ní àkùrọ̀ tí odò wà nítòsí, kò séwu. Àmọ́ ẹni tó wà lórí ilẹ̀ òkè, tó ń dúró de àkọ́rọ̀ òjò, kó gbin ilá rẹ̀ ní gbígbẹ, kó jẹ́ kí òjò fúnra rẹ̀ jí i.

Ata rodo ló máa gba sùúrù rẹ. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì, ó tilẹ̀ lè lé, kó tó yọ, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí òru ń tutù. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti tú nọ́sìrì wọn, ìyẹn ibi tí a ti ń kọ́kọ́ tọ́ ọmọ irúgbìn, ká kí ata tó jí. Inú èyí tó pọ́n dáadáa ni kí o ti gba hóró rẹ̀, má gbà á lára èyí tí àwọ̀ ewé ṣì wà lára rẹ̀, torí hóró inú rẹ̀ kò tíì gbó. Rẹ hóró náà mọ́jú sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Láàárọ̀, da omi rẹ̀ nù, tú hóró sórí aṣọ tútù, ká aṣọ náà, fi í sínú ike, kí o gbé e sí ilé ìdáná níbi tí ooru wà, àmọ́ kó jìnnà sí iná. Máa ṣí i wò lójoojúmọ́. Bí aṣọ bá ń gbẹ, wọ́n omi sí i. Lọ́jọ́ tí o bá rí i tí nǹkan funfun yọ ẹnu ní ìdí hóró, tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ọjọ́ náà ni kí o gbìn ín sí nọ́sìrì. Má dúró kó gùn. Gbòǹgbò tó bá ti gùn a máa ṣẹ́ síni lọ́wọ́, èyí tó bá sì ti ṣẹ́, ó parí nìyẹn. Etí ṣíbí ni mo fi ń gbé e, n kì í fi èékánná mú un. Ihò rẹ̀ kò gbọdọ̀ jìn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ.

Tẹ̀tẹ̀ ńkọ́? O kò béèrè, nítorí tìrẹ ń hù. Àmọ́ fún ẹlòmíràn tó bá ń kà á: ẹ má fi omi gbígbóná kan tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ láé. Èèpo kọ́ ni ìṣòro wọn, eèrà àti àgbàrá ni. Hóró wọn kéré débi pé giramu kan ṣoṣo lè ju 1000 lọ, ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán fọ́n ọn, á ki lójú kan, á ṣófo lójú kejì, èyí tó bá ki ni àrùn sì máa ń kọ́kọ́ mú. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ, ìwọ̀n irúgbìn kan sí yanrìn mẹ́wàá, kí ẹ fọ́n ọn ní lílọ, kí ẹ tún fọ́n ọn ní bíbọ̀. Ẹ gbá erùpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Ẹ wọ́n eérú yí ebè ká nítorí eèrà, bí omi bá sì fọ̀ ọ́ lọ, ẹ tún un wọ́n. Ẹ tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ lé e, kí ẹ máa bomi rin ín lórí imọ̀ náà, kí ẹ sì ká a kúrò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá ti rí àkọ́yọ. Bó bá pẹ́ lábẹ́ imọ̀, á ga tẹ́ẹ́rẹ́, á sì wó.

Ó ku ọ̀rọ̀ oògùn pupa, mo sì fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́ èyí dáadáa. Oògùn yẹn ní iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n ṣe é fún àgbàdo àti irú rẹ̀, kí kòkòrò àti àrùn inú ilẹ̀ má baà jẹ hóró. Àwọ̀ pupa tó wà lára rẹ̀, ìkìlọ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́, kí wọ́n má sì fi í fún adìẹ. Púpọ̀ nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í dúró sára èèpo, ó máa ń bá gbòǹgbò wọlé, ó ń gòkè dé ewé. Àgbàdo ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó yọ ọmọ. Ewédú, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà a ti já a, ewé náà gan-an la sì ń jẹ. Ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ní ọkà jíjẹ, ewédú yìí la fi ń fún un. Ẹ ka ara ọ̀rá oògùn kí ẹ tó rà á. Bí orúkọ ohun tí ẹ fẹ́ gbìn kò bá sí lára rẹ̀, kì í ṣe tiyín. Kò tilẹ̀ lè ṣe nǹkan kan sí ohun tó ń ṣe ewédú Àdùkẹ́, torí èèpo líle kọ́ ló wà fún.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀gbìn (Abẹ́òkúta)

Ẹ ṣé gan-an, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un lórí ata àti tòmátì, torí omi gbígbóná tún ní iṣẹ́ mìíràn tó yàtọ̀ sí ti ewédú. Àwọn àrùn kan wà tó ń bá hóró wá láti ara èso tí a ti gbà á, irú èyí tó ń fi àbàwọ́n dúdú sára ewé ata àti tòmátì. Omi gbígbóná lè pa wọ́n. Ooru rẹ̀ kò tó ti ewédú, àmọ́ ó ń pẹ́ jù ú lọ: tòmátì àti ìkàn, 50 dígírì Sẹ́síọ́ọ̀sì fún ìṣẹ́jú 25, ata, bíi 52 dígírì fún ìṣẹ́jú 30. A máa ń kọ́kọ́ fi hóró sínú omi tó wà ní nǹkan bíi 37 dígírì fún ìṣẹ́jú 10 kí ara rẹ̀ lè móoru, kó tó bọ́ sí èyí tó gbóná. Lẹ́yìn rẹ̀, omi tútù, kó sì gbẹ ní ibòji.

Ẹni tí kò bá ní temomítà, kó má dán an wò. Bó bá gbóná jù díẹ̀, hóró á kú. Bó bá tutù jù, àrùn á yè é. Fúláàsì tí a fi ń gbé tíì ni mo ń lò, torí ooru kì í tètè lọ nínú rẹ̀. Ẹ má sì ṣe é sí irúgbìn tó ti pẹ́ nípamọ́, tàbí èyí tí ilé iṣẹ́ ti fi oògùn aláwọ̀ kùn, tàbí ẹ̀gúsí àti elégédé. Ara wọn kò gbà á.

Ti tòmátì tí ẹ bá gbà lára èso fúnra yín, ẹ ti rí nǹkan yíyọ̀ tó bo hóró rẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kó hù sínú èso. Ẹ fún hóró àti omi rẹ̀ sínú abọ́, ẹ fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ kan sí mẹ́ta kó kan. Ẹ máa rò ó. Bí ẹ bá rí i pé ó ti ń yọ ìfóòfó lójú, tí nǹkan yíyọ̀ náà sì ti bọ́, ẹ bu omi púpọ̀ sí i, kí ẹ da ohun tó léfòó nù, kí ẹ fọ èyí tó rì, kí ẹ sì sá a sórí àwo. Bí ẹ bá sá a sórí bébà, á lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọmọ Ṣakí (London)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí wúlò fún àwa tí a wà níbí náà. Mo ní ilẹ̀ kékeré kan tí mo ń dá, mo sì máa ń gbin ewédú sínú ilé tí a fi ọ̀rá bò kí ara rẹ̀ lè móoru. Irúgbìn rẹ̀ ń bẹ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn Lárúbáwá, mọ̀lókíyà ni wọ́n ń pè é, ewédú kan náà ni. Ẹ má dédé di irúgbìn sínú àpótí láti ilé wá o. Ìjọba ibí ń béèrè ìwé ẹ̀rí pé kò sí kòkòrò tàbí àrùn lára rẹ̀, bí kò bá sí, wọ́n á gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé omi gbígbóná nìkan kò tó níbí. Èèpo lè ti ṣí, àmọ́ bí erùpẹ̀ bá tutù, hóró á kàn jókòó síbẹ̀ títí á fi jẹrà. Ilẹ̀ Ìbàdàn móoru fúnra rẹ̀, ti London kò rí bẹ́ẹ̀. Ìparí oṣù kẹrin ni mo tó ń gbìn ín sínú ike kéékèèké nínú ilé, lórí pẹpẹ kan tó ń fi iná mànàmáná móoru, kí erùpẹ̀ lè wà ní nǹkan bíi 25 dígírì. Oṣù kẹfà ni mo tó ń gbé e jáde. Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹ kú ìmọ̀ràn. Mo ti kọ ti ata yẹn sílẹ̀.

Àdùkẹ́ Alákùrọ̀ (Àpẹtẹ̀, Ìbàdàn)

Màmá, ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Mo ṣe é bí ẹ ṣe wí, aṣọ ìsẹ́gì gan-an ni mo lò. Mo ka 50 sí apá kan, 50 sí apá kejì. Èyí tó bọ omi gbígbóná ti wú tó bẹ́ẹ̀ tí èèpo rẹ̀ fi là, gbòǹgbò funfun sì yọ lára 44. Lára èyí tí mi ò ṣe nǹkan kan sí, 6 péré ló hù, ìyókù le koko síbẹ̀. Irúgbìn ọ̀hún kò kú rárá, ebi omi ló ń pa á.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ebè tí mo kọ́kọ́ fọ́n sí ńkọ́, tí hóró àkọ́kọ́ ṣì wà nínú rẹ̀? Ṣé kí n tú u ká, àbí kí n fọ́n tuntun lé e? Mo sì ní ìgbẹ́ adìẹ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti ibùdó adìẹ kan. Ṣé mo lè dà á sí i kí n tó fọ́n?

Bàbá Ìbejì (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ugu ńkọ́? Mo ra hóró rẹ̀ lọ́jà, wọ́n ti sá a gbẹ táútáú. Ṣé kí n rẹ ẹ́ ni?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (Mọ́níyà, Ìbàdàn)

Àdùkẹ́, o ṣeun tí o kà á. 44 nínú 50 dára púpọ̀.

Má tú ebè náà ká. Bí o bá tú u jinlẹ̀, ńṣe lo máa ri àwọn hóró yẹn mọ́lẹ̀, wọ́n á sì máa yọ ní tiwọn nígbàkigbà tí èèpo wọn bá là, títí di ọdún mìíràn, nígbà tí o bá fẹ́ gbin nǹkan mìíràn síbẹ̀. Fi ọkọ́ kékeré họ ojú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, fọ́n èyí tí o tọ́jú lé e, pò ó mọ́ yanrìn bí mo ṣe sọ nípa tẹ̀tẹ̀, àmọ́ kí o dín in kù díẹ̀ torí àwọn ti àkọ́kọ́ ṣì ń bọ̀. Èyí tó bá yọ lẹ́yìn, ìgbà tí o bá ń fa àwọn tó tóbi tà ni yóò ráàyè dàgbà.

Ìgbẹ́ adìẹ tuntun, rárá o. Ooru àti òórùn rẹ̀ tó ń ta síni nímú yẹn máa pa àwọn ọmọ hóró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, wàá wá máa rò pé omi gbígbóná ló pa wọ́n. Kó o jọ síbì kan, bo ó, máa yí i padà títí òórùn rẹ̀ á fi lọ tí á sì dà bí erùpẹ̀ dúdú. Èyí tó ti jẹrà tẹ́lẹ̀ ni kí o pò mọ́ ilẹ̀ báyìí, bí o bá rí rà. Bí o kò bá rí, fọ́n ewédú rẹ láìsí i ná.

Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Hóró ugu kò dà bíi ti ewédú rárá. Kì í fẹ́ kí omi inú ara òun gbẹ. Bí wọ́n bá ti sá a gbẹ táútáú, ó ti kú nìyẹn, rírẹ kò lè jí i. Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín bóyá ó ní odindi èso rẹ̀ tó gbó. Òun ni kí ẹ rà, kí ẹ là á fúnra yín, kí ẹ yọ hóró rẹ̀, kí ẹ fọ ẹran ara èso kúrò, kí ẹ tẹ́ ẹ sí ibòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ojú rẹ̀ nìkan gbẹ, kó má baà rà nínú ilẹ̀. Ẹ gbìn ín ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí ẹ bá la èso tí ẹ sì bá hóró tó ti ń yọ gbòǹgbò nínú rẹ̀, ẹ má dà á nù, èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn.